Oríkì Kábíyèsí Onípọ́fìn

Ẹ sún fún mi, ẹ jẹ́ n kí ọba kan.
Ẹ má bi mí pé afọbajẹ wo ló dá Ifá oyè rẹ̀,
òun ló dá a, òun ló gbọ́ ọ, òun ló ní orí òun ni Ifá mú.
Ẹ má bi mí pé ìdílé wo ni oyè kàn,
ìdílé tó lówó lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà ló kàn.
Martin Coles Harman, ọba Lundy!
Kábíyèsí, aláṣẹ, èkejì ẹyẹ!
Ọkùnrin tó ra ìlú bí ẹni tó ra ewúrẹ́ lọ́jà,
tó fà á délé tán, tó ní kí ewúrẹ́ máa pe òun ní ọba.
Òkun ni odi ìlú yín,
ìjì ni onílù yín,
àgùntàn ni ọmọ ìlú,
ẹyẹ ni ìjòyè.
Ká bi yín kò sí,
àfi lọ́jọ́ tí wọ́n bi yín ní kóòtù ìlú Bideford.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́, ẹ má rò pé àlọ́ ni mo gbé dé. Lundy wà lóòótọ́. Àpáta gàgàrà kan ni nínú òkun, lápá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́kànkán Devon. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá yóò rìn ín já láàárín wákàtí kan, àyàfi tí ìjì bá ní kó padà. Àwọn atukọ̀ Viking ayé àtijọ́ ni wọ́n ní ó sọ ọ́ ní Lundy, ìyẹn erékùṣù pọ́fìn. Pọ́fìn ni ẹyẹ òkun kan tó dúdú lẹ́yìn, tó funfun láyà, tí àgógó ẹnu rẹ̀ sì pọ́n bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ata. Láàárín ọdún 1920 sí 1930 ni Harman, tó ń ṣe káràkátà ṣíà ní London, sanwó, tó gba àpáta, ẹyẹ àti àgùntàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn ènìyàn tó ń gbé ibẹ̀ kò pọ̀. Mólúè kan yóò kó gbogbo wọn, kọ́ńdọ́ á sì tún máa pariwo pé ó ku èrò.

Ìjọba ti kó pósítọ́fíìsì kúrò níbẹ̀ ní ìparí ọdún 1927. Kábíyèsí ní kò burú, òun á máa gbé lẹ́tà ará ìlú òun fúnra òun. Nígbà tó di 1929, ó tẹ sítáǹbù tirẹ̀, iye tó sì kọ sí i, pọ́fìn ló pè é. Ìjọba wò ó títí, wọ́n ní kó máa lẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀yìn àpò ìwé, kó má fara kan sítáǹbù ọba tó wà níwájú. Ọ̀rọ̀ parí. Ká ní ibẹ̀ ló dúró sí, èmi kò ní ní oríkì kankan láti kì lónìí. Ṣùgbọ́n ìwé kéré lójú Kábíyèsí. Òjò á pa ìwé, iná á jó o. Orí bíi ti Harman, idẹ ló tọ́ sí.

Ó di Birmingham, ìlú alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì,
Kábíyèsí ní kí wọ́n rọ owó.
Ẹni tí mólúè kan ń kó gbogbo ará ìlú rẹ̀,
ó ní kí wọ́n rọ 50,000 pọ́fìn,
kí wọ́n rọ 50,000 ààbọ̀ pọ́fìn lé e.
Ọ̀kẹ́ méjì ààbọ̀ lápá ọ̀tún,
ọ̀kẹ́ méjì ààbọ̀ lápá òsì:
ìlú tí owó pọ̀ ju ẹnu tó ń jẹun lọ!
Pọ́fìn kan, kọ́bọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan.
Ààbọ̀ pọ́fìn, ààbọ̀ kọ́bọ̀.
Bí ti ọba ṣe tóbi tó ni tiyín tóbi tó,
bí ti ọba ṣe pọ́n ni tiyín pọ́n,
nínú òkùnkùn, ọwọ́ kò lè mọ èwo ni tọba.
Ẹ yí i síhìn-ín, ẹyẹ ni.
Lójú pọ́fìn kan, odindi ẹyẹ ló dúró.
Lójú ààbọ̀ pọ́fìn, orí ẹyẹ nìkan ló kù;
wọ́n bu ẹyẹ bí alásè ṣe ń bu adìẹ.
Ẹ yí i sọ́hùn-ún, Kábíyèsí ni!
Lójú odindi, orí Harman.
Lójú ààbọ̀, orí Harman.
Ẹyẹ lè dín, iye lè dín,
orí yín kò ní ààbọ̀.
Níbi tí orí Ọba George Karùn-ún ń gbé lójú kọ́bọ̀,
orí yín ti débẹ̀, ó ti fẹ̀yìn tì.
Ẹ tún kọ ọ́ yí etí owó ká
pé Lundy ló ń tànmọ́lẹ̀, Lundy ló ń ṣíwájú.
Ta ló ń tẹ̀ lé e?
Ẹja ni, Kábíyèsí. Ẹja ń bọ̀ lẹ́yìn yín.

Ẹ jẹ́ kí n dánu dúró díẹ̀. Lọ́dún 1929 yẹn, àwa náà ní kọ́bọ̀ tí à ń ná ní Èkó àti Ìbàdàn, lábẹ́ ọba kan náà. Ẹni tó bá gbọ́njú bá ìyá àgbà yóò ti rí i rí nísàlẹ̀ àpótí: ihò wà láàárín rẹ̀ rogodo, ó ṣe é sín sí okùn bí owó ẹyọ. Ihò ti gba àárín, kò sí àyè fún orí ọba. Adé kékeré àti orúkọ rẹ̀ ni wọ́n tò yí ihò náà ká. Ẹ wá wo ìyanu. Ọba tí àṣẹ rẹ̀ dé Kánò, tó dé Kálàbá, kò rí ibi gbé orí lé lójú kọ́bọ̀ Ìbàdàn. Ọba àgùntàn rí ibi gbé tirẹ̀ lé.

Ẹ kú ètò ìṣúná, Kábíyèsí!
Ilẹ̀ yín ni ará Lundy ń tẹ̀,
ilé yín ni wọ́n ń gbé,
ilé ọtí yín ni wọ́n ti ń mu ún.
Pọ́fìn ń ti àpò ọ̀tún yín jáde lówùúrọ̀,
ó ń gba àpò òsì yín wọlé lálẹ́.
Owó tó jáde lọ ṣeré, tó padà wálé sùn.
Kò sí ọ̀wọ́ngógó, kò sí a-ṣẹ́-dọ́là lẹ́bàá ọ̀nà,
kò sí pé mi ò ní ṣéńjì, ẹ lọ wá ṣéńjì wá.
Ẹ̀yin gómìnà báńkì àpapọ̀ gbogbo àgbáyé,
ẹ wá fi orí balẹ̀ fún ẹni tó lówó lọ́wọ́, tó ni ọjà, tó tún ni ẹni tó ń rajà!

Ṣùgbọ́n ẹyẹ ò sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Ní 1930, kóòtù Bideford, ìlú kan ní Devon, ránṣẹ́ pe Kábíyèsí. Àwíjàre rẹ̀ ni pé Lundy dá dúró, ó ń ṣèjọba ara rẹ̀, òfin owó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sì lè la òkun kọjá wá mú òun. Kóòtù ní òfin mọ̀ ọ́n wẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣí ni Òfin Owó Onírin ti ọdún 1870, abala rẹ̀ karùn-ún. Ohun tó wà níbẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi wúrà, fàdákà, bàbà, idẹ tàbí irin èyíkéyìí ṣe owó, tàbí àmì tí a ó máa ná bí owó, àfi ilé ìrọwó ọba. Kò bi ẹnikẹ́ni bóyá ó fẹ́ fi tanni jẹ. Kò bi í bóyá ó dáa lójú tàbí ó burẹ́wà. Kó ṣáà ti jẹ́ irin, kó ṣáà ti jẹ́ owó, ó ti parí. £20 ni òpin owó ìtanràn inú rẹ̀. Wọ́n ṣàánú Kábíyèsí, wọ́n bu £5 fún un, pẹ̀lú gíní 15 owó ẹjọ́. Ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Nígbà tó di 1931, wọ́n ní bó ṣe wà náà nìyẹn.

Ẹ bá mi ṣírò £5 yẹn. Nígbà náà, 240 kọ́bọ̀ ló wà nínú pọ́n-ùn kan, £5 sì jẹ́ kọ́bọ̀ 1,200. Nínú ìwé ìṣirò Kábíyèsí fúnra rẹ̀, pọ́fìn 1,200 ni ẹ̀ṣẹ̀ òun. Ọ̀kẹ́ méjì ààbọ̀ ló wà nílé! Ṣùgbọ́n ta ló máa ru pọ́fìn 1,200 lọ síwájú adájọ́ pé kó gba owó ìtanràn lórí ẹ̀sùn pé a rọ pọ́fìn? Ọba Lundy ní láti lọ wá owó tí orí ọba mìíràn wà lójú rẹ̀, kó fi ra ara rẹ̀.

Kábíyèsí tí owó rẹ̀ ra ọtí,
tí kò ra ìdáríjì!
Kábíyèsí tó ní 100,000 orí,
tí orí kan ṣoṣo dá lẹ́jọ́!
Wọ́n ní kí ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi má pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀.
Ẹ̀yin kò tilẹ̀ kúnlẹ̀,
òòró lẹ dúró sí bíi pọ́fìn lórí àpáta,
àyà funfun, ẹnu pupa,
ẹ ń wo òkun bí ẹni pé òkun ni yóò jẹ́rìí yín.

Bí ẹnìkan bá wá bi mí pé, ṣé èèyàn lásán kò wá lè ṣe owó tirẹ̀ kó ná an lábẹ́ òfin ni, èmi yóò ní kó jókòó. Ìlérí kò ní onílé kan ṣoṣo. Bí èmi bá kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹni tó bá gbé ìwé yìí wá, n ó fún un ní agbọ̀n ọsàn kan, tí ìwọ gbà á, tí o sì fi í lé aládùúgbò rẹ lọ́wọ́, owó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ìjọba kì í bínú sí i títí tó fi máa jọ tiwọn. Ní Brixton, ní London, níbi tí iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ń kí ara wọn lójú ọjà, àwọn ará àdúgbò gbé Pọ́n-ùn Brixton jáde ní 2009. Bébà ni. Nígbà tó yá, wọ́n fi olórin ọmọ Brixton, David Bowie, sójú bébà pọ́n-ùn mẹ́wàá rẹ̀. Ní Bristol, wọ́n gbé tiwọn jáde ní 2012, George Ferguson tó jẹ́ olórí ìlú náà nígbà náà sì ní pọ́n-ùn Bristol ni kí wọ́n fi san gbogbo owó oṣù òun. Ọlọ́pàá kò mú ẹnikẹ́ni. Bébà wọn kò ṣe bí ẹni pé òun ni ti ọbabìnrin. Nígbà tí wọ́n ṣì ń ná wọn, ẹni tó bá fẹ́ gbà á, á gbà á. Ẹni tí kò bá fẹ́, á ní ó dìgbà. Ẹni tó bá sì ní òun kò ṣe mọ́, pọ́n-ùn gidi wà nílé tí wọ́n á fi pààrọ̀ rẹ̀ fún un.

Kábíyèsí, ẹ tún ní àbúrò kan ní Amẹ́ríkà. Bernard von NotHaus lorúkọ rẹ̀. Láti 1998 ló ti ń rọ dọ́là tó pè ní Dọ́là Òmìnira, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ fàdákà gidi. Ẹ wo bí ayé ṣe dojú rú: owó onírin tí ìjọba ń rọ fún ìnáwó ojoojúmọ́ kò ní fàdákà nínú mọ́, tirẹ̀ ní i, òun ni wọ́n wá ní ó ṣe ayédèrú. Àmọ́ ó kọ dọ́là sí i, ó fi àmì dọ́là sí i, ó ní kí àwọn èèyàn máa ná an láàárín ti ìjọba. Ní oṣù Kẹta ọdún 2011, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ní North Carolina dá a lẹ́bi. Ní ìparí 2014, adájọ́ ní kó lọ jókòó sílé fún oṣù mẹ́fà. Ẹ̀yin £5, òun oṣù mẹ́fà. Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ tètè jẹ ẹ̀bà kó tó tutù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín ní Nàìjíríà, ẹ rọra.
Ta ni kò tíì fi súwíìtì gba ṣéńjì rí?
Ẹ ra omi, ó ku ₦20,
ọmọ inú ilé ìtajà á ní kò sí ṣéńjì,
á ka súwíìtì méjì lé yín lọ́wọ́.
Súwíìtì ti di náírà nìyẹn!
Ẹ gbé súwíìtì méjì padà lọ lọ́la pé ẹ fẹ́ ra omi,
á wò yín bí adájọ́ Bideford ṣe wo Harman.
Owó tí ń lọ tí kò lè bọ̀,
ọ̀nà oko rẹ̀ là, ọ̀nà ilé rẹ̀ dí.

Èmi fúnra mi ti ná owó èèyàn lásán rí, ẹ má sọ fún ìjọba. Oṣù Kejì ọdún 2023 ni, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ náírà tí náírà sì sá pamọ́. Mo lọ ra búrẹ́dì ní àdúgbò. Ìyá oníburẹ́dì gba ₦1,000 mi, ó tú àpò apá rẹ̀ yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, kò rí ₦300 tó yẹ kó dá padà. Ó wò mí. Ó fa etí páálí kan ya, ó mú bírò tó fi ń ṣe àkọsílẹ̀ àwìn, ó kọ ₦300 sí i, ó kọ ọjọ́, ó fọwọ́ sí i bí akọ̀wé báńkì. Mo mú páálí náà, mo ń kùn. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ aláta lórígun ọ̀nà, mo fi ṣàwàdà, mo nà án sí i. Aláta gbé e sún mọ́ ojú, ó yẹ ìfọwọ́sí náà wò, ó ní, “Tiwọn nìyí,” ó sì wọn ata ₦300 fún mi. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, aláta fi páálí náà ra búrẹ́dì fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ìyá oníburẹ́dì gbà á, ó ya á sí wẹ́wẹ́, ó jù ú sábẹ́ ààrò.

Mo ti ronú lórí páálí yẹn ju bí mo ṣe ronú lórí ọ̀pọ̀ ìwé tí mo kà lọ. Kò sí orí ẹnikẹ́ni lójú rẹ̀. Òjò lè pa á, òróró ti kán sí i létí. Síbẹ̀ ó ra ata, ó ra búrẹ́dì, ó parí iṣẹ́ rẹ̀, ó kú ikú ire. Ohun tó gbé e ni pé èmi àti aláta mọ ilẹ̀kùn tí a máa kàn bí ọ̀rọ̀ bá dàrú, a sì mọ̀ pé ẹni tó wà nínú ilé náà á dáhùn. Owó ìjọba náà, ilẹ̀kùn ló ní lẹ́yìn: ọjọ́ owó orí, ọjọ́ owó ìtanràn, ìjọba gbọ́dọ̀ gba ohun tí òun fúnra rẹ̀ tẹ̀. Ìjọba sì fẹ́ kí ilẹ̀kùn yẹn jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Bẹ́ẹ̀ náà ni òfin Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007 ṣe sọ ọ́: báńkì náà nìkan ló láṣẹ láti gbé owó jáde. Ìjọba ìpínlẹ̀ kò lè gbé e jáde, ìjọba àpapọ̀ gan-an kò lè dá a ṣe, kí a má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ẹlòmíràn tó fẹ́ ṣe ìwé tó lè máa lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ bí owó. Bí a bá fi òfin yẹn wọn páálí, ìyá oníburẹ́dì á ní láti ṣàlàyé ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi dára pé ó ti ya á.

Kí òyìnbó tó dé, àwọn baba wa ná owó tí kò ní orí ọba kankan. Ogójì ẹyọ ni okùn kan, 2,000 ni ẹgbàá, 20,000 ni ọ̀kẹ́, ibẹ̀ ni ìṣirò wa ti gba orúkọ. Aláàfin kò rọ ọ́, Ọọ̀ni kò rọ ọ́. Òkun ọ̀nà jíjìn ló rọ ọ́, kò sì sí alágbẹ̀dẹ tó lè fara wé e. Nígbà tí àwọn oníṣòwò òyìnbó wá ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹyọ Zanzibar dà sí etíkun wa ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹyọ pọ̀ bí iyẹ̀pẹ̀, iye rẹ̀ wó. Kò sí ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni lè kàn. Òkun kì í dáhùn.

Kábíyèsí, mo tún padà dé. Mi ò gbàgbé yín.
Ibi tó dùn jù nínú oríkì yín ni mo fi pamọ́.
A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá,
làpálàpá ni wọ́n kọ́kọ́ pa lára yín.
Wọ́n pariwo kọ́bọ̀ ẹyẹ lé yín lórí,
kọ́bọ̀ tó ra ọtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ngbẹ́, tí ọtí náà pa ará ìlú yín bó ṣe yẹ.
Ó wá di 1933,
wọ́n tún pè yín. Wọn kò sọ̀rọ̀ pọ́fìn.
Ọ̀rọ̀ ṣíà ni, ọ̀rọ̀ owó àwọn tó gbé tiwọn lé yín lọ́wọ́,
pọ́n-ùn gidi, owó ọba,
owó tí òfin fọwọ́ sí níwájú, tó fọwọ́ sí lẹ́yìn.
Jìbìtì ni wọ́n ní ẹ ṣe. Ẹ̀wọ̀n oṣù 18.
Háà, ọkùnrin tí ayédèrú owó rẹ̀ jẹ́ òótọ́,
tí owó òótọ́ di ayédèrú lọ́wọ́ rẹ̀!
Ará ilé ọtí kan ilẹ̀kùn, ẹ dáhùn.
Oníṣíà kan ilẹ̀kùn, ilé dá.
Orí yín lójú idẹ kò pa ẹnikẹ́ni lára,
orí ọba ló wà lójú owó tó ta wọ́n lóró.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá pọ́fìn ṣì wà, ó wà. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Àwọn olùkó-owó-àtijọ́-jọ ń wá a kiri, wọ́n sì ń san owó tó ju kọ́bọ̀ lọ fíìfíì lórí kọ́bọ̀ tí kóòtù ní kò bófin mu. Sítáǹbù rẹ̀ kò kú rárá. Ẹni tó bá lọ sí Lundy lónìí á lẹ pọ́fìn mọ́ lẹ́tà rẹ̀. Ìdílé Harman ta erékùṣù náà ní 1969, ó sì wà lábẹ́ àwọn tó ń tọ́jú ohun àjogúnbá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹyẹ ṣì ń bẹ níbẹ̀. Kò mọ̀ pé òun ti jẹ́ owó rí.

Ó yẹ kí n dákẹ́ síbẹ̀, kí a jọ rẹ́rìn-ín, kí a tú ká. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ki ènìyàn gbọ́dọ̀ dárúkọ ọmọ rẹ̀, ibẹ̀ ni ẹnu mi sì ti wúwo. Harman ní ọmọkùnrin kan, John. Nígbà tí ogun Hitila dé, John wọ iṣẹ́ ológun gẹ́gẹ́ bí ọmọ ogun lásán. Kò ju láńsì kọ́pùrù lọ. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1944, nígbà tí àwọn bàbá tiwa náà ń jagun nínú igbó Bọ́mà, John wà ní Kohima, ní ilẹ̀ Íńdíà, níbi tí àwọn ará Jàpáànù ti ká wọn mọ́. Òun nìkan ló dìde láti pa ẹnu ìbọn arọ̀jò-ọta mọ́, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè mí. Ó ṣe é. Lọ́jọ́ kejì, òun nìkan tún kọlù wọ́n, ìbọn sì bá a nígbà tó ń padà bọ̀. Ọmọ ọdún 29 ni. Ọba George Kẹfà fún un ní Victoria Cross, oyè akin tó ga jù lọ lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta tẹ́lẹ̀ ní Lundy ni wọ́n fi òkúta ìrántí rẹ̀ sí.

Ẹ mọ ohun tí wọ́n fi ń ṣe Victoria Cross? Wúrà kọ́. Fàdákà kọ́. Idẹ ni.

Bàbá John, ẹ pẹ̀lẹ́.
Idẹ méjì ló wà nínú oríkì ilé yín.
Ẹ kó wọn lé ìwọ̀n, ìwọ̀n á pè wọ́n ní idẹ.
Ọ̀kan, ẹ̀yin lẹ gbé orí yín sí i,
ẹ rọ ọ́ ní ọ̀kẹ́ márùn-ún,
ó dé ilé ọtí, ó sì padà.
Èkejì, kò sí iye lójú rẹ̀,
kò ra ọtí, kò ra àgùntàn, kò san owó ìtanràn.
Ọba tí ẹ yọ orí rẹ̀ kúrò lójú kọ́bọ̀,
ọmọ rẹ̀ ló fi í ránṣẹ́ sí ọmọ yín,
ọmọ yín kò sì sí nílé láti gbà á.
Ẹ bá mi pe orúkọ idẹ yìí kí n gbọ́.
Kì í ṣe pọ́fìn. Kì í ṣe kọ́bọ̀.
Mo ti fi ẹnu yìí bú yín láti àárọ̀,
mo ti fi bi yín léèrè ju Bideford lọ.
Ẹ jókòó sórí àpáta yín, kí ìjì máa lùlù.
Kábíyèsí,
a ò bi yín mọ́.